Bí ẹ ṣe máa fi lẹ́tà dìbò káńsù ní London kí ìbò yín má bàa ṣòfò

Ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ wà ní London, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ṣíìfù, ẹ sún mọ́bí. Ìdìbò káńsù níbí kì í ṣe bíi tilé o. Nílé, tí LASIEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó, bá ní ọjọ́ báyìí la máa dìbò, Sátidé ni, mọ́tò ò ní rìn, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, kò síbi téèyàn ń lọ. Níbí, Thursday ni, kò sí họ́lídè kankan, máníjà yín ò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ dìbò tàbí ẹ ò dì í. Lóòótọ́ wọ́n ń ṣí ibùdó ìdìbò láti aago 7 àárọ̀ di aago 10 alẹ́, àmọ́ ẹni tó wọ long day, tó kúrò nílé ní aago 6 àárọ̀, tó jáde níbi iṣẹ́ ní aago 8 alẹ́, tó tún wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó délé, ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ló máa lọ tò sórí ìlà?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa lo postal vote, wọ́n á fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé, màá dì í lórí tábìlì mi, màá dá a padà. Ó dùn-ún sọ. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ìbò mi ò wọlé. Kì í ṣe pé mo pẹ́ o, mo tètè fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìdìbò ni káńsù kọ lẹ́tà sí mi pé ọjọ́ ìbí tí mo kọ ò bá èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn mu. Mo ronú ronú, ló bá yé mi: mo ti kọ déètì ọjọ́ tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù síbi tí wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ ìbí. Ọmọ ọjọ́ kan ni mo jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà wọn, ọmọ ọjọ́ kan wo ló ń dìbò? Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ibi tẹ́ ẹ fa X sí kọ́ ló sábà máa ń ba postal vote jẹ́, ìwé kékeré tó tẹ̀ lé e ni, ọjọ́ ìbí àti sáìn. Ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ṣé ẹ tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò?

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àfi téèyàn bá gba pásípọ́ọ̀tù pupa tàbí aláró yìí. Rárá o. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tó bá sì ń gbé nílùú yìí pẹ̀lú físà tí kò tíì parí lè rẹ́jísítà, kó dìbò káńsù, kódà kó dìbò ti ilé aṣòfin náà. Físà ọmọ ilé ìwé, físà iṣẹ́, dependant, ILR (ìwé àṣẹ láti máa gbé ibí láìní gbèdéke), gbogbo ẹ̀ ló wọlé. Kẹ́ ẹ ti pé ọmọ ọdún 18 lọ́jọ́ ìdìbò ni wọ́n ń fẹ́ ní England. Tí físà bá ti kú, tí kò sì sí èyí tẹ́ ẹ ń retí lábẹ́ òfin, ẹ má tan ara yín jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ará wa tó bá wá láti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ tó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Benin nìkan ló ní, tiẹ̀ yàtọ̀, torí Benin ò sí nínú Commonwealth, Yorùbá kan náà ni wá ṣùgbọ́n ìwé ò mọ̀yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má gbé ọgbọ́n yìí lọ bá ẹ̀gbọ́n yín ní Houston tó jẹ́ green card ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. L'Amẹ́ríkà, ẹni tí kì í ṣe citizen tó lọ dìbò tí wọ́n fi ń yan ààrẹ tàbí àwọn aṣòfin àpapọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá a padà sílé. Òfin ibi lèmi ń sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí ilé tẹ́ ẹ ń gbé nígbà tí school bá wọlé bá wà lábẹ́ káńsù kan, tí ilé àwọn òbí yín sì wà lábẹ́ káńsù mìíràn, ẹ lè rẹ́jísítà níbi méjèèjì kẹ́ ẹ sì dìbò káńsù níbi méjèèjì. Ti ilé aṣòfin ni ẹ ò gbọdọ̀ dì lẹ́ẹ̀mejì.

Rẹ́jísítà ló ṣáájú

Postal vote ò dá dúró, àfi tórúkọ yín bá ti wà nínú ìwé olùdìbò. Ẹ lọ sí gov.uk/register-to-vote, ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni, orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ ìbí, ọmọ ìlú wo lẹ jẹ́, àti nọ́mbà National Insurance (NI) tó wà lórí payslip yín. Ọ̀fẹ́ ni, tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ san owó kí òun bá yín ṣe é, olè ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá. Ẹ wo payslip yín dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa fi orúkọ yín, ọjọ́ ìbí àti nọ́mbà yẹn wé àkọsílẹ̀ ìjọba, tó bá jẹ́ Oluwaseun ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá kọ Seun, tàbí pé orúkọ bàbá ló wà níwájú níbì kan tó sì wà lẹ́yìn níbòmíì, tàbí ìyàwó tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí NI ẹ̀ ṣì ń jẹ́ ti ilé bàbá ẹ̀, ó lè má bára mu, káńsù á wá kọ̀wé pé kẹ́ ẹ mú pásípọ́ọ̀tù wá. Kì í ṣe ìjà, àmọ́ ó ń jẹ àkókò, àkókò lẹ ò sì ní. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ìwé olùdìbò, àwọn tó ń ṣírò credit score náà máa ń wò ó o, èmi mọ ẹni tó jẹ́ pé torí kóun lè rí fóònù gbà lórí contract ló ṣe rẹ́jísítà, ìdìbò ò sí lọ́kàn ẹ̀ rárá.

Wá bèèrè fún postal vote, ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú sáìn yín

Látìparí oṣù October 2023 ni wọ́n ti jẹ́ kéèyàn lè ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gov.uk/apply-postal-vote. Ẹ ò ní láti ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ fi lẹ́tà dìbò, ó ṣáà wù yín ni, ó tán. Wọ́n tún máa béèrè nọ́mbà NI, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yàn bóyá ìdìbò kan péré lẹ fẹ́ ẹ fún ni tàbí kó wà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àsìkò tí òfin gbà. Ẹ mú èyí tó gùn jù, kẹ́ ẹ sinmi.

Lẹ́yìn náà ni sáìn. Ẹ mú bébà funfun tí kò ní ìlà, ẹ mú bíìrò dúdú, ẹ sáìn, ẹ fi fóònù yà á níbi tí iná wà dáadáa, kí òjìji ọwọ́ yín má bọ́ sórí ẹ̀, ẹ wá gbé fọ́tò náà sórí fọ́ọ̀mù. Sáìn tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ yìí ni wọ́n máa tọ́jú, òun náà ni kọ̀ǹpútà máa gbé ka iwájú èyí tẹ́ ẹ máa ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ń dìbò. Tí wọn ò bá jọra, wọ́n á ju ìbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fújà. Mo mọ̀ pé àwa tá a jáde nílé ìwé gíga nílé fẹ́ràn sáìn tó dà bí ejò tó ń sá lọ, tí báńkì nílé ò lè gbà lẹ́ẹ̀mejì láì pè yín wá. Ẹ ṣe èyí tí ọwọ́ yín máa ń ṣe láìronú, èyí tẹ́ ẹ ń lò níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má sọ bébà yẹn nù, ẹ pa á mọ́, torí oṣù méjì sí i ẹ lè ti gbàgbé èyí tẹ́ ẹ lò. Èmi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn àgbà tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n, tàbí tí wọn ò mọ̀wé kọ, tàbí tí àìlera ò jẹ́ kí sáìn wọn dúró sójú kan, wọ́n lè bèèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda wọn nínú sáìn. Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń mójú tó ìdìbò ní káńsù yín fún fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín bá Màmá sáìn o, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ṣì máa béèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ Màmá, ọjọ́ ìbí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ yé mi yẹn, kì í ṣe èyí tí Màmá sọ pé wọ́n bí òun nígbà òjò ńlá kan.

Ẹni tí kò lè ṣe ti íńtánẹ́ẹ̀tì lè gba fọ́ọ̀mù bébà, káńsù á fi ránṣẹ́ tẹ́ ẹ bá pè. Kí sáìn má jáde nínú àpótí tí wọ́n yà sílẹ̀ fún un.

Gbèdéke

Rẹ́jísítà máa ń parí ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìdìbò, ní òru. Postal vote máa ń parí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 11 ṣáájú. Proxy, ìyẹn kẹ́nì kan lọ bá yín dì í, aago 5 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ṣáájú. Sátidé, Sunday àti bank holiday ò sí nínú kíkà, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe torí bank holiday kan máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ oṣù May. Ẹ jẹ́ ká fi ti London ọdún 2026 ṣe àpẹẹrẹ, ọjọ́ 7 oṣù May nìdìbò gbogbo káńsù 32: rẹ́jísítà, 20 April, postal vote, 21 April, proxy, 28 April. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dì í, 2018, 2022, 2026, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, tó bá fò yín ẹ máa dúró pẹ́ o, owó council tax á sì máa gòkè títí ẹ ó fi rójú rí wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé lásìkò yẹn, fún òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ má ní kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Òfin gbà á, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí lẹ́tà ṣe ń rìn. Wọn kì í tẹ ìwé ìdìbò títí tórúkọ àwọn olùdíje fi pé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló máa ń kù, kò lè lọ kó bọ̀. Proxy ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹni tẹ́ ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò fúnra ẹ̀, á mú káàdì tó ní fọ́tò tiẹ̀ dání lọ síbùdó. Ẹni kan ò sì lè ṣe é fún ju èèyàn méjì tó ń gbé nílùú yìí lọ.

Nípa káàdì tó ní fọ́tò, látọdún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀ níbùdó ìdìbò ní England. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà nínú èyí tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń fi lẹ́tà dìbò, wọn ò béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹ̀, sáìn àti ọjọ́ ìbí ló rọ́pò ẹ̀, ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Ọjọ́ tí ẹ́nfílóòpù dé

Lẹ́tà kan máa kọ́kọ́ dé tó máa sọ pé ẹ máa fi lẹ́tà dìbò, ìyẹn kì í ṣe ìwé ìdìbò, ẹ má wá bíìrò. Lẹ́yìn náà ni ti gidi á dé. Ẹ má ṣí i lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti náìtì dé. Ẹ gbá tábìlì, ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré lọ ṣeré.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: ìwé ìdìbò, ìwé tẹ́ ẹ máa sáìn tí wọ́n ń pè ní postal voting statement, ẹ́nfílóòpù A tó kéré, àti ẹ́nfílóòpù B tó tóbi. Ìwé àlàyé náà máa wà níbẹ̀, ẹ kà á torí káńsù kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń pa tiẹ̀ pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdìbò. Wọ́ọ̀dù yín lè ní káńsẹ́lọ̀ kan, méjì, tàbí mẹ́ta, ó wà lókè ìwé náà iye tẹ́ ẹ lè yàn. Ní Southwark, tí Peckham wà, wọ́ọ̀dù 23 ló wà, káńsẹ́lọ̀ 63, mẹ́ta mẹ́ta ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn yòókù méjì méjì. Tó bá ní mẹ́ta, ẹ fa X mẹ́ta, ẹ lè kó gbogbo ẹ̀ fún páátì kan, ẹ lè pín in, ẹ lè fa ẹyọ kan péré, kò sóhun tó burú. Ẹ má fa mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ẹ má kọ 1, 2, 3. Ẹ má tẹ̀ka, nílé là ń tẹ̀ka. Ẹ má kọ orúkọ yín tàbí "God bless" sórí ẹ̀, ohunkóhun tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ni ín lè bà á jẹ́.

Ẹ ká a, ẹ fi sínú A, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa.

Ó kù statement. Ọjọ́ ìbí yín, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe o! Ẹ ka àpótí yẹn sókè: ọjọ́, oṣù, ọdún tí wọ́n BÍ mi. Ẹ wá mú bébà tẹ́ ẹ pa mọ́ yẹn wá, ẹ wò ó, ẹ sáìn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú bíìrò dúdú, nínú àpótí. Ìwé yìí ò gbọdọ̀ wọ inú A. Òun àti A tẹ́ ẹ ti lẹ̀ pa ni kẹ́ ẹ jọ fi sínú B, kí àdírẹ́ẹ̀sì káńsù hàn síta.

Tọkọtaya, ẹ má jọ ṣe é lórí tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ kan náà, àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, ìwé méjèèjì jọra bí ìbejì, nọ́mbà tó wà lára wọn ló yàtọ̀. Mo rí ilé kan tí ọkọ sáìn ti ìyàwó tí ìyàwó sáìn ti ọkọ, méjèèjì bá a lọ. Kí ẹnì kan ṣe tiẹ̀ tán, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí náà, inú á bí àwọn kan. Baálé ilé ò láṣẹ láti gba ẹ́nfílóòpù ìyàwó àtàwọn ọmọ kó jókòó sí pálọ̀ kó máa dì í fún gbogbo wọn. Màmá kan kì í yọjú wo èyí tọ́mọ ń fà. Kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ kó tiwọn wá ká jọ ṣe é, rárá. Ìbò tẹ́ ẹ ń dì nínú ilé, àṣírí ni bíi ti inú ibùdó, òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn máa fipá wò ó. Ẹ lè jọ jiyàn lórí káńsẹ́lọ̀ tó ń jẹ́ kí bíìnì kún fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jiyàn dòru, ṣùgbọ́n tó bá di ká fa X, kálukú lọ sí kọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Dídá a padà

B ò nílò sítáǹbù. Ẹ sọ ọ́ sínú póòsìtì, àmọ́ kó tètè, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú dáa, torí ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Tí kò bá tíì dé ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ó tán.

Tó bá ti ku ọjọ́ méjì tàbí ọjọ́ kan, ẹ má gbára lé póòsìtì mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìdìbò ní wọ́ọ̀dù yín lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí ẹ fi lé òṣìṣẹ́ káńsù lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù kékeré kan kẹ́ ẹ kọ ọ́, tẹ́ ẹ bá kọ̀ tẹ́ ẹ kàn jù ú sílẹ̀, wọn ò ní kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá dọ́gbọ́n tì í sínú àpótí lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn káńsù lóru. Ẹni kan lè mú tiẹ̀ àti ti èèyàn márùn-ún wá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń polongo fún páátì kan tó wá kan ilẹ̀kùn yín pé "Àǹtí, ẹ gbé e wá kí n bá yín fi jíṣẹ́", ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un ní omi tútù, ẹ má fún un ní ẹ́nfílóòpù, òfin ò gbà á láyè láti mú ti ẹlòmíì àfi ti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tímọ́tímọ́ tàbí ti ẹni tí òun fúnra ẹ̀ ń tọ́jú.

Tí ìwé ò bá dé títí tó fi ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, ẹ pe káńsù, wọ́n á fún yín ní òmíràn. Tẹ́ ẹ bá da tíì sí i tàbí tí ọmọ fa kúréyọ̀nù sí i, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ padà lọ bá wọn, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò ni gbèdéke. Ẹ má rò pé ẹ lè lọ dì í níbùdó dípò, orúkọ yín ti wà níbẹ̀ pé lẹ́tà lẹ máa lò, wọn ò ní fún yín níwèé.

Tí lẹ́tà bá wá bá yín lẹ́yìn ìdìbò bíi tèmi pé nǹkan kan ò bára mu, ẹ má fà á ya. Ẹ kà á, ẹ wo èyí tó jẹ́ nínú sáìn àti ọjọ́ ìbí, tó bá jẹ́ pé sáìn yín ló ti yí padà, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ fi tuntun ránṣẹ́. Postal vote náà kì í sì í wà títí ayé mọ́, kò lè ju nǹkan bí ọdún 3 lọ. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí láàárín February sí December 2026 á parí ní 31 January 2029. Káńsù á rán yín létí kó tó parí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé, lẹ́tà yẹn á máa lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún rẹ́jísítà ní ilé tuntun kẹ́ ẹ tún bèèrè fún postal vote látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ti kọ 31 January 2029 sí ìsàlẹ̀ bébà tó wà nínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.